Irú Tábà Tí Muslimat Gbìn fún Ọkọ Rẹ̀

Kò sí ohun tí Muslimat kórìíra tó tábà, síbẹ̀ òun gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Lalala, àdúgbò kan ní ìlú Libreville. Àwọn ará àdúgbò tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà lónìí, ìparí rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ ọ́ sódì.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Àgbẹ̀ tábà ni bàbá rẹ̀, inú oko tábà ló sì dàgbà sí. Lásìkò ìkórè, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni òun àti ìyá rẹ̀ ti máa ń wà nínú ìrì, wọ́n á máa já ewé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí ewé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó. Ewé tábà tútù kì í ṣe ohun àmúṣeré. Omi ara rẹ̀ a máa gba awọ ọwọ́ wọlé lọ bá ènìyàn nínú ẹ̀jẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ìyá rẹ̀ á ti wó sẹ́bàá ebè, á máa bì, ojú rẹ̀ á máa pòòyì, àwọn tó kù á sì máa já ewé tiwọn lọ. Àìsàn ewé ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé àlejò ọdọọdún ni. Nígbà tí Muslimat wá ń gbéra lọ bá ọkọ ní Gàbọ́n, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun kò tún ní fọwọ́ kan ewé tábà mọ́ títí tí òun ó fi kú.

Bẹ̀llò ni orúkọ ọkọ náà. Kò sí awakọ̀ takisí ní Lalala tí kò mọ ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Ọkùnrin gíga ni, ó lawọ́ sí àlejò, àmọ́ ahun ni tó bá di pé kó bá ará ilé sọ̀rọ̀. Kì í mutí, kì í fa sìgá, kì í sì í pa ìrun jẹ. Aáṣáà nìkan ni kò lè fi sílẹ̀. Kì í fín in símú bí àwọn àgbà kan ti ń ṣe. Abẹ́ ètè ìsàlẹ̀ ló ń bù ú sí, á pa ẹnu dé, á wá jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá Nàgó kan tó ń ti Kútọnu kó ọjà wá ló ń bá a gbé aáṣáà náà wá. Nígbà tí ara ìyá yẹn kò gba ọkọ̀ ojú omi mọ́, ó padà sí Kétu, kò sì sí ẹni tó gba òwò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ̀llò gbìyànjú. Ó ra sìgá, ó tú tábà inú rẹ̀, ó lọ̀ ọ́. Ó ní bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ bébà ni. Ó ra èyí tí àwọn Hausa ń tà ní àdúgbò Akébé, ó ní iyanrìn wà nínú rẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i láìnídìí. Àsìkò yẹn náà ni Peggy yọjú, ọmọ Gàbọ́n tó wá ra iná iwájú ọkọ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀, tó sì ń gbé Akanda, lápá àríwá ìlú níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun. Bẹ̀llò kọ́kọ́ ń sọ pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Akanda ló dá òun dúró tí òun fi sùn síbẹ̀. Nígbà tó yá, kò sọ nǹkan kan mọ́. Á kàn wọlé lọ́jọ́ kejì, á wẹ̀, á lọ ṣí ìsọ̀.

Muslimat kò bá a jà. Ó ń ta ọṣẹ àti ìpara níwájú ilé, ó ń kí oníbàárà, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ tó bá gbé kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tí kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ ń dà bí àwo tí wọ́n gbé síwájú òkú. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ummusalamah, tí wọ́n ń pè ní Salamah, ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì láàárín ìlú, ó sì ti gba yàrá tirẹ̀. Ilé wá dá páropáro.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bẹ̀llò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ahọ́n wá abẹ́ ètè rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù síbẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Salamah, bí mo bá ń rí aáṣáà gidi nínú ilé yìí, kí ni mo tún fẹ́ jáde lọ wá?"

Àwàdà ni lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Lọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Muslimat pe àbúrò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù, ó ní kó wá èso tábà fún òun. Àbúrò náà bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Irú méjì ni èyí tó dé láti ilé, wọ́n fi bébà wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èso tábà kéré ju iyanrìn lọ. Bí ènìyàn bá sín sí i, ó ti tán. Irú kìn-ín-ní ni èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìgá, tí bàbá rẹ̀ máa ń gbìn fún títà. Ewé rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ahọ́n màlúù ni wọ́n ń pè é nílé wọn. Irú kejì ni Olóòyì. Kì í ga ju ìbàdí lọ, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀bá ààlà oko ni bàbá Muslimat ń gbin ìyẹn sí, kì í sì í ṣe fún ẹnu ènìyàn. Ńṣe ló máa ń rẹ ewé rẹ̀ sómi, á fi fọ ewúrẹ́ tí eégbọn bá bò. Eégbọn tí omi náà bá kàn kì í pẹ́ tó fi ń já sílẹ̀. Àwọn arúgbó mélòó kan ní abúlé máa ń jí ewé rẹ̀ ká láti fi ṣe aáṣáà, bàbá rẹ̀ a sì máa lé wọn.

Irú kẹta, ọ̀dọ̀ Carole ló ti wá. Carole ni aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo pààlà òun àti Muslimat. Ó ní ìyá òun ń gbin tábà sẹ́bàá ilé ìdáná ní abúlé wọn lápá Ndjolé, ó sì ń fi ìkòkò tábà fà á. Ewé tirẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀. Muslimat sọ ọ́ ní etí erin.

Ó po èso wọn mọ́ eérú kó má baà dà sójú kan, ó fọ́n wọn sínú ike, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n nítorí òjò Libreville kì í rọra rọ̀. Nígbà tí wọ́n tó ìka kan, ó tú wọn lọ sórí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ òdòdó, ó gé orí wọn kí agbára lè dúró sínú ewé, ó fi igi kan sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún èso, ó sì ń ká ọmọ tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ohunkóhun nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn gan-an sì ń bí i nínú. Ó ti rò pé òun ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sí Ìsẹ́yìn.

Ahọ́n màlúù ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Ooru gbígbẹ ni ewé yẹn ń fẹ́, afẹ́fẹ́ Libreville sì tutù bí aṣọ tí wọn kò fún dáadáa. Kí ewé náà tó gbẹ lórí okùn, èbu funfun ti bò ó. Ó kó o dà nù. Etí erin ní tirẹ̀ gbẹ dáadáa lábẹ́ páànù lókè ibi tó ti ń dáná èédú, ó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Bó bá jẹ́ ti Muslimat ni, etí erin ni ì bá yàn, kò ní wo ẹ̀yìn. Ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú kánún díẹ̀, ó bù ú fún ọkọ rẹ̀.

Bẹ̀llò fi í sábẹ́ ètè, ó dúró díẹ̀, ó tutọ́. Ó ní, "Ewé lásán ni."

Ó wá ku Olóòyì. Muslimat ti lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ gbé e fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ewúrẹ́ bàbá rẹ̀ fún un, ó ní ewé náà kò dára, àti pé kó jẹ́ kí òun tún gbin etí erin mìíràn, kí òun fi í sílẹ̀ kó gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ kí òun tó já a. Bẹ̀llò na ọwọ́.

"Ṣé èmi ni eégbọn?" ló bi í.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó bù ú sábẹ́ ètè. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò ó níwájú orí, ó di apá àga mú, ojú rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Muslimat kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Salamah lórúkọ. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí òun ṣe kọ́kọ́ dé Libreville, bí òun ṣe ń sùn nínú ọkọ̀ tó ti kú, àwọn ohun tí kò sọ fún un rí látìgbà tó ti fẹ́ ẹ. Kò lọ sí Akanda lọ́jọ́ náà. Kò lọ lọ́jọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀ ni Muslimat ṣe yan Olóòyì. Ó hú etí erin kúrò nílẹ̀ àfi ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó fi gbogbo àyè náà gbin èyí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́.

Ká má purọ́, àsìkò dídùn ni. Bẹ̀llò ń tètè dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sheriffdeen, tó ń ta táyà ní òdìkejì títì, gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò ní Ṣakí, òun kò rí irú rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ìjókòó ìrọ̀lẹ́ wá di ohun tí wọ́n mọ ilé náà mọ́. Wọ́n ń pe Muslimat ní Ìyá Aáṣáà, wọ́n ń gbàdúrà fún un, Bẹ̀llò á sì máa wò ó bí ẹni tó ra ọjà tó dára tí gbogbo ayé ń yìn. Kò sí ẹni tó wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ní òwúrọ̀ tí ìrì bá pọ̀, bó bá já ewé tán, òun náà máa ń wó sẹ́bàá ògiri, á máa bì bí ìyá rẹ̀ ti ń bì. Ó ń fi ọ̀rá wé ọwọ́, ṣùgbọ́n omi ewé náà á wá ihò gbà. Carole rí i lọ́jọ́ kan láti orí ògiri, ó sì bi í bóyá oyún ni. Muslimat ní bẹ́ẹ̀ ni, oyún arúgbó ni. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó sì padà sí ìdí ewé rẹ̀.

Níbi ẹ̀rín ìjókòó ìrọ̀lẹ́ kan ni Muslimat ti kọ́kọ́ rí nǹkan kan lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Sheriffdeen sọ àwàdà kan, Bẹ̀llò ya ẹnu rẹ́rìn-ín, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yí síta. Ibi kan funfun wà nínú rẹ̀, ó hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Muslimat bi í kí ló wà nínú ètè rẹ̀. Bẹ̀llò pa ẹnu dé. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Muslimat ní kó jẹ́ kí òun rí i. Bẹ̀llò dìde.

"Bó o bá ti ń fẹ́ kí n padà máa sùn ní Akanda, wí."

Láti ọjọ́ náà ni Muslimat ti ń fi etí erin dàbùlà Olóòyì, díẹ̀díẹ̀, kó má baà hàn. Ó ń dín kánún rẹ̀ kù. Ó rò pé ahọ́n tí ó bá ń bọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò ní mọ̀ pé òun ń sọ̀ kalẹ̀. Ahọ́n Bẹ̀llò mọ̀. Lọ́jọ́ tó fura, ó da gbogbo ohun tó wà nínú agolo aáṣáà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí láìjẹ́ pé ó wọlé. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, Muslimat ń gbọ́ ìró gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá, ó ń mọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí Bẹ̀llò padà dé, ojúlówó Olóòyì ló bá nínú agolo rẹ̀ lórí tábìlì. Kò dúpẹ́, kò béèrè. Ó bù ú sábẹ́ ètè, ó jókòó sí àyè rẹ̀.

Muslimat kò tún sọ̀rọ̀ ètè mọ́. Ó máa ń rò ó nígbà tó bá ń lọ tábà, á sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá àwọn kan fi aáṣáà dàgbà dé ọgọ́rùn-ún ọdún, pé bóyá kánún ló ń bó o lẹ́nu, pé Ọlọ́run ni olùṣọ́. Àwọn àwíjàre bẹ́ẹ̀ kì í tán lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Kò sì sí ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọlọ.

Nígbà tí omi wá tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, kò sí ohun tó ṣeé bò mọ́. Ibi funfun yẹn di egbò, egbò náà kò jiná. Nǹkan le sábẹ́ àgbọ̀n Bẹ̀llò bí kókó obì. Eyín ìsàlẹ̀ ń mì. Ó ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó ń mu oògùn tí wọ́n ń tà nínú ike lójú títì, ó sì ń bu Olóòyì sí apá kejì ètè rẹ̀ tí kò tíì máa dùn ún. Salamah ló wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó rí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó jáde sí títì, ó nawọ́ sí takisí, ó sọ orúkọ ilé ìwòsàn àti iye tó fẹ́ san fún awakọ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì wọlé wá fa bàbá rẹ̀ lápá bí ọmọdé.

Jẹjẹrẹ ni. Dókítà sọ ọ́ ní Faransé, Salamah túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Muslimat ti gbọ́ kí ọmọ tó la ẹnu. Wọ́n ní àwọn yóò gé apá kan egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, àti pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá. Dókítà béèrè ohun tó ń fi sẹ́nu. Bẹ̀llò, tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro fún láti sọ, tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lo mọ ewé yẹn," ló wí ní Yorùbá. "Èmi, oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ ni mí. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Muslimat lè sọ̀rọ̀. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ eégbọn tó fi ṣe àwàdà, ó lè sọ ti Akanda, ó lè sọ ti agolo tó dà sílẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, pé ó ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù ni. Ó dákẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Salamah kọjú sí i. Faransé ni ọmọ náà fi bi í, ó sì lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn ọmọ Libreville ń lò fún àwọn òbí wọn, tí kò mọ́ Muslimat lára títí dòní. Ó bi í bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan náà ń pani.

"Mo mọ̀," ni Muslimat dáhùn.

Salamah kò dúró gbọ́ ìyókù. Ìyókù náà, kò tíì gbọ́ ọ títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ilé Lalala ni wọ́n gbé Bẹ̀llò padà wá. Ojú rẹ̀ ti tẹ̀ sí apá kan, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ariwo lásán ni. Ẹ̀kọ olómi ni Muslimat ń fún un mu, á sì máa nu èyí tó bá ṣàn jáde. Peggy wá lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò rí bí Muslimat ti máa ń rò ó. Ó gbé èso kalẹ̀, èso tí aláìsàn kò lè jẹ, ó wo ojú Bẹ̀llò, ó bú sẹ́kún, kò sì padà wá mọ́. Muslimat tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi wọ takisí. Gbogbo ohun tí òun fi tábà ṣe nítorí obìnrin yìí, obìnrin náà kò mọ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ohun tó le jù ni pé Bẹ̀llò ṣì ń fẹ́ ẹ. Á fọwọ́ kan tábìlì níbi tí agolo máa ń wà, á wo ìyàwó rẹ̀. Muslimat á mi orí. Á tún fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kan ló di ọwọ́ Muslimat mú, ó fi ìka rẹ̀ kan ẹnu ara rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Bàbá Salamah, mi ò lè fún yín mọ́," ni Muslimat wí. "Ẹ bínú sí mi, mi ò lè fún yín."

Bẹ̀llò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí Muslimat bá ti wọlé, ojú á ti padà sí ògiri kó tó dé ìdí ibùsùn. Ó máa ń kí i, kì í jẹ́ ẹ. Ó ń bọ́ ọ, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà bó, ojú ọkùnrin náà kò tún pàdé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí òjò fi dáwọ́ dúró, tí ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀, tí ó sì kú.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níbi ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Sheriffdeen ni wọ́n ní ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun, pé ọ̀rẹ́ òun kò kú ikú àìsàn, ìyàwó rẹ̀ ló gbin májèlé sílé tó sì ń bù ú fún un, torí obìnrin Akanda. Àwọn tí wọ́n ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé náà, tí wọ́n ti bù nínú agolo kan náà, mi orí pé òótọ́ ni. Oníbàárà ọṣẹ dín kù. Salamah gba iṣẹ́ sí Port-Gentil, ìlú mìíràn tó jìnnà. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù nígbà ọdún, ó ń béèrè bí ara ti rí, kì í sì í pẹ́ lórí ẹ̀rọ.

Muslimat hú gbogbo Olóòyì, ó sun ún. Ó ṣì wà nínú ilé náà, kò tíì rí ibòmíràn kó lọ. Nígbà tí òjò padà dé, èso tó ti bọ́ sílẹ̀ láìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín òkúta, lẹ́bàá ìkòkò omi, lábẹ́ okùn aṣọ. Ó ń hú u lójoojúmọ́. Carole bá a hú u fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kó rọ́ sìmẹ́ńtì sí gbogbo ibẹ̀ kó lè sinmi. Muslimat kò rọ́ ọ.

Sheriffdeen wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti pẹ́ díẹ̀. Ó kí i bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àga Bẹ̀llò láìbéèrè, ó bá a kẹ́dùn lọ́tun, ó sọ pé ayé ti bàjẹ́, táyà kò tà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé Muslimat kò ní ṣàìní aáṣáà díẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní Akébé kò lè dé ibi tí tirẹ̀ ń dé.

Muslimat wò ó. Gbogbo ohun tó ti tò sílẹ̀ lọ́kàn láti sọ fún ọkùnrin yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé, kò sí ọ̀kan tó wá sí i lẹ́nu. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya ẹnu yín kí n wò ó."

Ó ya Sheriffdeen lẹ́nu, ṣùgbọ́n bóyá ó rò pé ohun tó ń fẹ́ ló máa tẹ̀ lé e, ó ya ẹnu. Muslimat fi ìka fa ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta. Ó wà níbẹ̀, funfun, ó hunjọ, ó tóbi ju ti Bẹ̀llò lọ nígbà tó kọ́kọ́ rí i.

Ó sọ fún un. Ó fara balẹ̀ sọ ọ́, ó ní bí ti ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé kò tíì pẹ́ jù, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, òun yóò bá a lọ bí kò bá ní ẹni tó máa bá a lọ. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà.

Sheriffdeen ti pa ẹnu dé. Ojú rẹ̀ le koko. Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀ bí ẹni tí eruku bà lára.

"O ti pa ọ̀kan," ló wí. "Èmi lo wá ń gbé èpè lé lórí báyìí?"

Ó jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbọ́ ọ ní gbogbo ìsọ̀ títì yẹn pé Ìyá Aáṣáà ti fi ikú Bẹ̀llò ṣépè fún Sheriffdeen. Aya Sheriffdeen wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó ní kí Muslimat má tún bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ mọ́. Muslimat sọ ohun tó rí fún òun náà. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Títí di àsìkò yìí, Sheriffdeen ṣì ń ta táyà ní òdìkejì títì. Bí Muslimat bá gbé ọṣẹ síta láàárọ̀, ó máa ń rí i tó ń bu nǹkan sábẹ́ ètè, tó sì ń pa ẹnu dé. Ọkùnrin náà a mọ̀ọ́mọ̀ kọjú sí i kó lè rí i. Muslimat a to ọṣẹ rẹ̀ tán, a jókòó, a máa wo àgbọ̀n rẹ̀.